Bí Ọlọ́run bá lè dárí jini lọ́fẹ̀ẹ́, kí ni ẹ̀jẹ̀ wá wà fún?

Ìbéèrè láti ọwọ́ Tíṣà Kíláàsì Ọ̀dọ́

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Èmi ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ọdún 12 sí 15 ní ilé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi ní ìjọ wa, ìbéèrè tí ọ̀kan nínú wọn sì bi mí ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá kò tíì fi ọkàn mi sílẹ̀. A ń ka ìtàn ọmọ onínàákúnàá nínú Lúùkù orí 15. A dé ibi tí baba ti rí ọmọ rẹ̀ lókèèrè, tí ó sáré pàdé rẹ̀, tí ó sì rọ̀ mọ́ ọn lọ́rùn, ni ọmọkùnrin kan bá nawọ́ sókè, ó ní: "Tíṣà, màlúù àbọ́pa tí baba yẹn pa, àríyá ló fi ṣe. Ó ti dárí ji ọmọ rẹ̀ kí wọ́n tó gbé ọ̀bẹ. Kí ló wá dé tí Jésù fi ní láti kú kí Ọlọ́run tó lè dárí jì wá?"

Mo fún un ní ìdáhùn tí wọ́n fún èmi náà ní kékeré: pé mímọ́ ni Ọlọ́run, pé ẹ̀ṣẹ̀ kì í lọ láìjìyà, àti pé adájọ́ tí ó bá jẹ́ kí ọ̀daràn máa lọ lọ́fẹ̀ẹ́, adájọ́ burúkú ni. Ọmọ náà dákẹ́ díẹ̀, ó wá ní, adájọ́ tí ó mú aláìṣẹ̀ tí ó fi ìyà ọ̀daràn jẹ ẹ́ ńkọ́, ṣé ìyẹn ló dára? Àwọn yòókù bú sẹ́rìn-ín. Agogo dún, a gba àdúrà ìparí, mo sì kó ìwé mi bí ẹni tí wọ́n ká mọ́.

Mo mọ Hébérù 9:22 lórí, pé "láìsí ìtàjẹ̀sílẹ̀ kò sí ìdáríjì." Ṣùgbọ́n mo tún mọ̀ pé nígbà tí wọ́n gba orí òrùlé sọ arọ kan kalẹ̀ ní Kápánáúmù, ṣe ni Jésù sọ fún un pé a dárí ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ jì í, kò sì sí ẹran kankan níbẹ̀. Bákan náà, lẹ́yìn tí Dáfídì gba aya Ùráyà tí ó sì ṣe ikú pa ọkọ, ó ní òun ti ṣẹ̀, Nátánì sì dá a lóhùn lójú ẹsẹ̀ pé Olúwa ti mú ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ kúrò. Kò ní kí ó lọ mú àgùntàn wá. Ẹ jọ̀wọ́, kí ni kí n sọ fún ọmọ yìí? Mo bẹ̀ yín, kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé kí n kìlọ̀ fún un kí ó má bi Ọlọ́run ní ìbéèrè.

Èsì láti ọwọ́ Bàbá Katikísì

Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ. Ọmọ yẹn ka Bíbélì ju ọ̀pọ̀ àgbà lọ, nítorí màlúù àbọ́pa yẹn ti wà níwájú gbogbo wa láti ìgbà tí a ti ń ka ìtàn náà.

Inú Léfítíkù ni kí a ti bẹ̀rẹ̀, ìwé tí a máa ń fò nítorí pé ó máa ń mú oorun kunni. Ẹ wo orí 4, láti ẹsẹ 27. Bí ẹnìkan nínú àwọn mẹ̀kúnnù bá ṣẹ̀ láìmọ̀, yóò mú abo ewúrẹ́ tí kò lábùkù wá. Òun fúnra rẹ̀ ni yóò gbé ọwọ́ lé e lórí, òun fúnra rẹ̀ ni yóò sì dúńbú rẹ̀, nítorí náà ẹ má ṣe rò pé àlùfáà ló ń ṣe gbogbo iṣẹ́ tí ẹlẹ́ṣẹ̀ kàn ń wòran. Lẹ́yìn náà ni àlùfáà yóò ti ìka bọ ẹ̀jẹ̀ náà, tí yóò fi tọ́ ìwo pẹpẹ, tí yóò da èyí tí ó kù sí ìsàlẹ̀ pẹpẹ, tí yóò sì sun ọ̀rá ẹran náà. Ọ̀rọ̀ tí ó parí rẹ̀ ni pé a ó dárí jì í.

Ẹ kíyè sí ohun tí kò sí níbẹ̀. Kò sí ibi tí wọ́n ti na ewúrẹ́ náà tàbí tí wọ́n ti fi í ṣẹ̀sín, kò sì sí gbólóhùn kan tí ó sọ pé ìyà ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́. Wọn kò fi ẹ̀jẹ̀ náà ra ẹlẹ́ṣẹ̀ lára pẹ̀lú. Ara pẹpẹ ni wọ́n fi sí. Jacob Milgrom, onímọ̀ kan láàrin àwọn Júù tí ó fi ọ̀pọ̀ ọdún ayé rẹ̀ ka ìwé yìí, ṣàlàyé pé ẹ̀ṣẹ̀ àwọn ènìyàn a máa ta àbàwọ́n sí ilé Ọlọ́run, ẹ̀jẹ̀ sì ni ohun tí a fi ń fọ ilé náà kí Ọlọ́run má baà kó jáde láàrin wọn. Orí 16, níbi tí a ti sọ̀rọ̀ Ọjọ́ Ètùtù, gbe àlàyé yìí lẹ́sẹ̀, nítorí a kọ ọ́ níbẹ̀ gbangba pé ibi mímọ́ gan-an ni olórí àlùfáà ń ṣe ètùtù fún, nítorí àìmọ́ àwọn ọmọ Ísírẹ́lì. Ewúrẹ́ méjì ni wọ́n sì ń lò lọ́jọ́ náà. Wọ́n á ṣẹ́ kèké lé wọn. Wọ́n á pa ọ̀kan, wọ́n á wọ́n ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ síwájú ìtẹ́-àánú. Èkejì ni olórí àlùfáà yóò gbé ọwọ́ méjèèjì lé lórí, tí yóò jẹ́wọ́ gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ Ísírẹ́lì sí i lórí, tí wọn yóò sì fà á lọ sínú aginjù láàyè. Èyí tí ó ru ẹ̀ṣẹ̀ kọ́ ni wọ́n pa. Ó yà mí lẹ́nu nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i, nítorí pé ogún ọdún ni mo fi ń wàásù rẹ̀ ní òdì.

Ẹ tún wo Léfítíkù 17:11, níbi tí Ọlọ́run ti sọ pé ẹ̀mí ara ń bẹ nínú ẹ̀jẹ̀, "èmi sì ti fi í fún yín lórí pẹpẹ." Ta ni ó fún ta? Ohun tí gbogbo wa ń gbọ́ sétí bí ìgbà tí ènìyàn ń gbé nǹkan fún Ọlọ́run, Ọlọ́run ní òun ni òun fún ènìyàn. Tirẹ̀ ni ẹ̀mí, kò gba ẹnikẹ́ni láyè láti jẹ ẹ̀jẹ̀, ṣùgbọ́n Ó fún wọn ní ọ̀nà kan ṣoṣo tí wọ́n lè gbà lò ó, ọ̀nà náà sì ni kí wọ́n fi padà wá sílé.

Ti Hébérù 9:22 tí ẹ mẹ́nu bà, ẹ jọ̀wọ́ ẹ ka ẹsẹ náà láti ìbẹ̀rẹ̀. "Ó sì fẹ́rẹ̀ jẹ́" ni ó fi bẹ̀rẹ̀, ìyẹn ni pé kì í ṣe ohun gbogbo ni òfin fi ẹ̀jẹ̀ wẹ̀. Ẹni tí ó kọ ọ́ mọ Léfítíkù 5:11, níbi tí òfin ti sọ pé ẹni tí kò bá ní agbára àtira àdàbà méjì pàápàá lè mú ìyẹ̀fun dáradára wá, ìdá kan nínú mẹ́wàá òṣùwọ̀n éfà, kí ó má da òróró sí i, kí ó má fi tùràrí sí i. Ìyẹ̀fun ni o, kò sí ẹ̀jẹ̀ kankan nínú rẹ̀. Ẹsẹ 13 sì sọ pé a ó dárí jì í bíi ti ẹni tí ó mú ewúrẹ́ wá.

Ní ti Dáfídì, kò sí ẹbọ tí ó lè rú. Númérì 15:30 sọ pé ẹni tí ó bá mọ̀ọ́mọ̀ ṣẹ̀ pẹ̀lú àfojúdi, a ó gé e kúrò láàrin àwọn ènìyàn rẹ̀. Kò sí ewúrẹ́ fún panṣágà àti ìpànìyàn. Ìdí nìyí tí Sáàmù 51 fi sọ pé Ọlọ́run kò fẹ́ ẹbọ, "tí èmi ìbá rú u." Àánú nìkan ló kù fún un, ó sì rí i gbà.

Èsì láti ọwọ́ Ìyá Aláṣọ

Bàbá, ẹ ṣeun. Èmi kò mọ Léfítíkù tó yín, ọjà ni mo mọ̀, ṣùgbọ́n ohun kan ṣẹlẹ̀ sí mi tí ó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí yé mi ní ọ̀nà tèmi.

Oníbàárà mi kan kó léèsì ₦85,000 láwìn fún ìsìnkú ìyá rẹ̀. Ó san ₦10,000, kò san kọ́bọ̀ mọ́. Nígbà tí ó tó oṣù kẹjọ, mo lọ sí ilé rẹ̀ pẹ̀lú ìbínú, mo bá a lórí ẹní pẹ̀lú àwọn ọmọ mẹ́ta, ọkọ ti lọ, ìkòkò sì wà lórí ààrò tí kò sí iná lábẹ́ rẹ̀. Mo padà sí ṣọ́ọ̀bù, mo ṣí ìwé gbèsè mi, mo fi báírò fa ilà lórí orúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, mo sì fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí i pé kí ó máa kí mi bí ó bá rí mi. Mo dárí jì í tọkàntọkàn.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o, báírò mi kò pa gbèsè yẹn rẹ́ lọ́dọ̀ ẹni tí èmi náà ti gba ọjà. Èmi ni mo san ₦75,000 tí ó kù, díẹ̀díẹ̀, láti inú owó tí mo fẹ́ fi ra ẹ̀rọ ìránṣọ fún ọmọ mi. Obìnrin yẹn kò mọ̀ títí di òní. Lójú tirẹ̀, ilà báírò lásán ni. Lójú tèmi, oṣù márùn-ún ni.

Nítorí náà bí ẹnikẹ́ni bá ní Ọlọ́run ìbá kàn dárí jini lásán, mo máa ń bi í pé ṣé ó ti dárí ohun tí ó tóbi ji ẹnikẹ́ni rí. Baba inú Lúùkù 15 náà kò dárí jì lásán. Ìdajì ogún ni ọmọ yẹn ti ná, òrùka tí wọ́n sì fi sí i lọ́wọ́, ara èyí tí ó ṣẹ́kù fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni, ìdí sì nìyẹn tí ẹ̀gbọ́n fi bínú tí kò wọlé.

Èsì láti ọwọ́ Akẹ́kọ̀ọ́ Ìtàn Ìjọ

Ìyá wa, ọ̀rọ̀ yín wọ̀ mí lára, èmi kò sì fẹ́ ta kò ó, yàtọ̀ sí pé mo fẹ́ ṣe àtúnṣe kékeré kan: ìdá mẹ́ta ni òfin Mósè pín ogún baba ọlọ́mọkùnrin méjì, ẹ̀gbọ́n á gba méjì, nítorí náà ìdá kan nínú mẹ́ta ni àbúrò kó lọ.

Ẹ kíyè sí ohun tí ìtàn yín sọ àti ohun tí kò sọ. Ẹ̀yin tí wọ́n jẹ ní gbèsè ni ẹ fara mọ́ àdánù náà. Ká ní ẹ ti lọ bá àbúrò oníbàárà yín, tí ẹ gba ₦75,000 lọ́wọ́ rẹ̀, tí ẹ wá ní ẹ ti dárí ji ẹ̀gbọ́n, a ó ní irọ́ ni. Ẹ gba owó yín pé ni. Àtakò yìí gan-an ni Fausto Sozzini, ará Ítálì, gbé dìde ní ọ̀rúndún 16: bí a bá san gbèsè, a kò dárí jì, bí a bá sì dárí jì, a kò san. Ọmọ kíláàsì Tíṣà ti bá àwọn àgbà jà láì mọ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kí Tíṣà mọ̀ ni pé àpèjúwe adájọ́ kì í ṣe gbogbo ìgbàgbọ́ ìjọ. Ìjẹ́wọ́ ìgbàgbọ́ ti Nísíà sọ pé a kan Jésù mọ́ àgbélébùú nítorí wa, ó sì dúró síbẹ̀. Kò sọ bí ikú náà ṣe ń ṣiṣẹ́, ìjọ àgbáyé kò sì tíì fi ẹnu kò sórí àlàyé kan ṣoṣo títí di òní. Ní ọ̀rúndún 4, àwọn kan ń sọ pé ìràpadà ni ikú náà, pé èṣù ni a san án fún. Gregory ti Nasiánsù, bíṣọ́ọ̀bù kan nígbà náà, bínú sí èyí, ó ní ìwà ẹ̀gàn ni láti rò pé olè ni yóò gba Ọlọ́run fúnra Rẹ̀ ní owó ìtúsílẹ̀. Ó tún béèrè pé bí ó bá jẹ́ Baba ni a san án fún, kí ni ìdí, nígbà tí kì í ṣe Baba ni ó dè wá mọ́lẹ̀, tí kò sì gba Ísáákì nígbà tí Ábúráhámù fi í rúbọ, àgbò ni Ó fi rọ́pò rẹ̀?

Anselm, bíṣọ́ọ̀bù àgbà Canterbury, parí ìwé rẹ̀ lórí ìdí tí Ọlọ́run fi di ènìyàn ní 1098. Ayé ọba àti ìjòyè ni ó ń gbé, ọ̀ràn ọlá ni ó sì fi ṣàlàyé: ẹ̀ṣẹ̀ ti gba ohun tí ó tọ́ sí Ọlọ́run lọ́wọ́ Rẹ̀, ènìyàn ló jẹ gbèsè náà, Ọlọ́run nìkan ló sì lè san án, nítorí náà ó di dandan kí ẹni tí ó jẹ́ méjèèjì wá. Ẹ má gbàgbé pé Anselm kò sọ pé a fi ìyà jẹ Jésù dípò wa. Ohun tí ó sọ ni pé yálà ìyà tàbí àtúnṣe ni yóò wáyé, Jésù sì ṣe àtúnṣe kí ìyà má baà wáyé. Abelard, onímọ̀ ẹ̀kọ́ ìsìn tí ó wá lẹ́yìn rẹ̀, sọ pé ìfẹ́ tí a rí níbẹ̀ ni ó ń yí ọkàn wa padà. Ọ̀rúndún 16 ni Calvin, aṣáájú àtúnṣe ìjọ tí ó ti kọ́ ẹ̀kọ́ òfin, gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí ilé-ẹjọ́ pátápátá, ibẹ̀ sì ni àpèjúwe adájọ́ tí wọ́n kọ́ Tíṣà ní kékeré ti wá.

Ẹ̀yin tí ẹ bá sì ń sọ pé láìsí pẹpẹ kò sí ìdáríjì rárá, ẹ rántí pé àwọn ará Róòmù wó Tẹ́ḿpìlì Jerúsálẹ́mù ní ọdún 70, ìsìn àwọn Júù kò sì kú. Wọ́n di Hósíà 6:6 mú, "àánú ni mo fẹ́, kì í ṣe ẹbọ," wọ́n sì fi ìrònúpìwàdà, àdúrà àti ìtọrẹ rọ́pò ohun tí ó wà lórí pẹpẹ. Jésù fa ẹsẹ yìí kan náà yọ lẹ́ẹ̀mejì nínú Mátíù.

Èsì láti ọwọ́ Ajíhìnrere

Mo ti ka gbogbo rẹ̀, mo sì bẹ̀ yín kí ẹ má fi ìmọ̀ ìtàn fọ Aísáyà 53 nù. "Ìnà àlàáfíà wa wà lára rẹ̀." "Olúwa sì ti mú àìṣedéédéé wa gbogbo pàdé lára rẹ̀." Ìnà ni wọ́n kọ síbẹ̀, kì í ṣe ọṣẹ ìfọlé. Calvin kò dá a sílẹ̀. Ó ti wà lẹ́nu wòlíì kí wọ́n tó bí baba ńlá Calvin.

Ohun tí ó bà á jẹ́ nínú àpèjúwe adájọ́ ni pé a sọ ọ́ di ẹni mẹ́ta: adájọ́, ọ̀daràn, àti aláìṣẹ̀ kan tí ó kàn ń kọjá lọ tí wọ́n nawọ́ gán. Pọ́ọ̀lù kò sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní Ọlọ́run wà nínú Kristi, ó ń bá aráyé làjà sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Jésù náà ní kò sí ẹni tí ó gba ẹ̀mí òun lọ́wọ́ òun, òun fi í lélẹ̀ fúnra òun. Adájọ́ ló bọ́ aṣọ oyè tí ó sọ̀kalẹ̀ wá dúró níbi tí ọ̀daràn dúró sí. Ní ti Sozzini, ìdáhùn Ìyá Aláṣọ tó o: ẹni tí a jẹ ní gbèsè àti ẹni tí ó san án, ọ̀kan náà ni.

Èsì láti ọwọ́ Bàbá Katikísì

Ajíhìnrere, mo gba ti Aísáyà. N kò sọ pé kò sí ìnà níbẹ̀. Mo ní kò sí ìnà lára ewúrẹ́ Léfítíkù. Ẹ jẹ́ kí méjèèjì dúró, bí wọn kò tilẹ̀ bára wọn mu tán.

Nǹkan kan kù tí kò sí ẹni tí ó tíì fọwọ́ kàn, èdè wa ni. Nígbà tí Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ túmọ̀ Bíbélì, tí odindi rẹ̀ jáde ní 1884, wọn kò dá ọ̀rọ̀ tuntun sílẹ̀. Ẹbọ tí ó wà nílẹ̀ ni wọ́n mú, wọ́n sì mú ètùtù, ọ̀rọ̀ tí ó bá ìtutù àti ìtùnú tan. Yorùbá tí ó bá gbọ́ ètùtù, ohun tí yóò sọ sí i lọ́kàn ni pé inú ẹnìkan gbóná, a sì fẹ́ tù ú kí ó má baà pa wá. Àwọn baba wa mọ ẹbọ àyèpínùn, níbi tí ẹran ti ń rọ́pò ẹni tí ikú ń wá, wọ́n sì máa ń ní "rírú ẹbọ ní í gbe ni, àìrú kì í gbènìyàn." Ọ̀rọ̀ èdè Hébérù tí wọ́n túmọ̀ sí ètùtù, nínù tàbí bíbò ni àwọn onímọ̀ sọ pé ó wà nínú rẹ̀, ooru inú kò sí níbẹ̀ dandan. Nítorí náà nígbà tí ọmọ Yorùbá bá ka Bíbélì rẹ̀, ìbínú Ọlọ́run lè kọ́kọ́ yọ sí i lójú kí àánú Rẹ̀ tó yọ.

Ṣùgbọ́n n kò dá Crowther lẹ́bi, nítorí ẹ wo ohun tí ọ̀rọ̀ náà ṣe nínú Róòmù 3:25: "Ẹni tí Ọlọ́run ti gbé kalẹ̀ láti jẹ́ ètùtù." Ọlọ́run ló gbé e kalẹ̀. Ẹ bi ẹnikẹ́ni tí ó mọ̀ nípa ẹbọ bóyá ó ti rí ibi tí òrìṣà ti ra ẹran, tí ó gbé e wá sí ilé ẹlẹ́ṣẹ̀, tí ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ rú u. Ibi tí ọ̀rọ̀ àtijọ́ náà ti yí padà nìyẹn. Bí ẹ bá ní kí n sọ ìdí tí ẹbọ fi jẹ́ dandan, èmi á ní àwa ni ó jẹ́ dandan fún, kì í ṣe Ọlọ́run. Hébérù 9:14 sọ ohun tí ẹ̀jẹ̀ Kristi ń wẹ̀: ẹ̀rí-ọkàn wa ni. Kò sọ pé ó ń yí ọkàn Ọlọ́run padà.

Èsì láti ọwọ́ Tíṣà Kíláàsì Ọ̀dọ́

Ẹ ṣeun gbogbo yín, ẹ̀yin àgbà. Mo ti kọ ìtàn ìwé gbèsè yẹn sínú ìwé mi, pẹ̀lú ìyọ̀ǹda Ìyá Aláṣọ. Mo tún ti wọn ìyẹ̀fun nílé lálẹ́ àná: ìdá kan nínú mẹ́wàá éfà tó nǹkan bíi lítà méjì, kò jìnnà sí kóńgò kan. Mo fẹ́ gbé e sórí tábìlì níwájú àwọn ọmọ náà ní ọjọ́ ìsinmi, kí n sì ní kí wọ́n ka Léfítíkù 5 fúnra wọn kí n tó sọ ohunkóhun.

Ibi tí ẹ̀rù ṣì ti ń bà mí ni pé Bàbá ní dandan náà wà lọ́dọ̀ wa, Ajíhìnrere ní ó wà lọ́dọ̀ Ọlọ́run pẹ̀lú, mo sì mọ ọmọ náà. Yóò rí i pé ẹ kò fohùn ṣọ̀kan, yóò sì nawọ́ sókè.